Ìgò Tí Bàbá Kò Ṣí

Ìwé pélébé tí wọ́n pín ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ tí a sin Bàbá, bàbá tó bí ìyá mi, ojú ewé mẹ́jọ ló ní. Fọ́tò gba márùn-ún, orin gba méjì. Ojú ewé kan tó kù ni wọ́n fi sọ ìtàn ẹni tó lo ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rùn-ún lókè eèpẹ̀. Nínú ojú ewé kan yẹn, gbólóhùn kan péré ló kan iṣẹ́ tí Bàbá ṣe: "Bàbá fi ọwọ́ ara wọn ṣiṣẹ́ títí ọjọ́ ogbó." Ẹni tó bá kà á á rò pé agbọ̀n ni wọ́n ń hun.

Ọdún méjìlélógún ni Bàbá fi wà nídìí epo ọkọ̀ òfuurufú ní pápákọ̀ Ìkẹjà. Mo mọ ẹni tó yọ ọ́ kúrò nínú ìwé, mo sì mọ ìdí tó fi yọ ọ́. Bọ̀dá Dípọ̀ ni, àbíkẹ́yìn Bàbá, àbúrò ìyá mi, tó lọ kọ́lé sí Àjàó Estate, níbi tí ariwo ọkọ̀ òfuurufú kì í ti í jẹ́ kí ó gbàgbé ohun tó ń sá fún. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta ni mí. Mo fi ọgbọ̀n ọdún kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní físíìsì ní Ìsọlọ̀, mo ti fẹ̀yìn tì, n kò sì ní ọ̀gá kankan tí mò ń bẹ̀rù mọ́. Ohun tí wọn kò kọ, èmi á kọ ọ́.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí ife. Bàbá kì í mu ohunkóhun láì kọ́kọ́ gbé e síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Omi ni o, ọtí ẹlẹ́rìndòdò ni o, oògùn ikọ́ ni o, wọ́n á gbé e sókè lójú fèrèsé, wọ́n á di ojú kan, wọ́n á fi ojú kejì wo ìsàlẹ̀ rẹ̀ títí, kí wọ́n tó gbé e sẹ́nu. Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ dé ilé àwọn àna mi ní Abẹ́òkúta, ìyá ọkọ mi bu omi tútù fún wọn. Bàbá gbé ife sókè, wọ́n di ojú kan. Bàbá ọkọ mi ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ẹ rí nǹkan níbẹ̀ ni?" Ó ṣe mí bíi kí ilẹ̀ lanu. Bàbá mu omi wọn tán, wọ́n nu ẹnu, wọ́n ní, "Ẹ má bínú, àna mi. Kì í ṣe ẹ̀yin ni mò ń wò. Ìsàlẹ̀ ife ni."

Iṣẹ́ ló kọ́ wọn bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ìdí ni epo ọkọ̀ òfuurufú wà, bíi ti mọ́tò. Inú apá ni. Apá ọkọ̀ náà ṣófo nínú bí ọparun, wọ́n sì pín in sí yàrá yàrá. Ibẹ̀ ni epo ń gbé. Bàbá máa ń sọ pé ọgbọ́n wà nínú rẹ̀: bí ọkọ̀ bá gbéra, afẹ́fẹ́ á máa ti apá sókè, ìwúwo epo á sì máa fà á wálẹ̀, kí apá má baà tẹ̀ jù. Bí ẹ́ńjìnì bá ṣe ń mu ún, awakọ̀ gbọ́dọ̀ máa ṣọ́ ọ kí apá ọ̀tún má lọ wúwo ju ti òsì. Láti inú apá, pọ́ńpù á ti epo náà gba inú páìpù, á kọjá nínú asẹ́ kan tí ojú rẹ̀ há gan-an, á sì dé ẹ́ńjìnì. Epo náà, ọmọ ìyá kẹrosíìnì tí à ń fi dáná sítóòfù ni, àfi pé wọ́n sẹ́ ẹ mọ́ jù ú lọ.

Ìdí tí mo fi mọ gbogbo èyí ni pé Bàbá ló tọ́ mi. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni mí nígbà tí ìyá mi kú. Bàbá tó bí mi fẹ́ ìyàwó mìíràn, ó bá a lọ sí Kàdúná, títí di òní n kò tíì gbọ́ pé ó béèrè mi. Nínú ilé Bàbá ní Ṣógúnlé ni mo dàgbà sí, nínú yàrá kan náà pẹ̀lú Bọ̀dá Dípọ̀, tó fi ọdún mẹ́fà jù mí lọ.

Mo ti pé ọmọ ọdún méje lọ́jọ́ tí Bàbá gbé agolo mílíìkì lé mi lọ́wọ́ pẹ̀lú ìṣó.

"Lu ihò kan sí i, Fọlá."

Mo lu ú.

"Ó yá, dà á sínú tíì mi."

Mílíìkì kán lẹ́ẹ̀mejì, ó dúró. Mo gbọn agolo náà, mo fi ẹnu fa ihò rẹ̀, Bọ̀dá Dípọ̀ ń fi mí rẹ́rìn-ín lẹ́bàá ilẹ̀kùn.

"Kí ló ń ṣe é?" Bàbá béèrè.

"Kò fẹ́ jáde ni, sà."

"Ó fẹ́ jáde. Ìwọ ni o ò jẹ́ kí nǹkan wọlé rọ́pò rẹ̀."

Mo lu ihò kejì, mílíìkì sì ṣàn wá bí omi ẹ̀rọ. Wọ́n wá ṣàlàyé fún mi pé bẹ́ẹ̀ náà ni tánkì inú apá ọkọ̀ ṣe rí. Ó ní ihò kékeré tó fi ń mí. Bí epo bá ṣe ń jáde ni afẹ́fẹ́ ń gba ihò yẹn wọlé. Bí agbọ́n kan bá lọ fi amọ̀ kọ́lé sẹ́nu ihò náà, pọ́ńpù á máa fà, epo kò ní wá, tánkì alára sì lè tẹ̀ wọ inú. Nítorí náà, kí ọkọ̀ tó gbéra, ẹnì kan gbọ́dọ̀ yí i ká, kó máa wá ilé agbọ́n. Nígbà tí mo kó lọ sí Jakande Estate ní Ìsọlọ̀, tí omi tánkì mi kò ṣàn, tí púláńbà ti tú páìpù mẹ́ta tó sì fẹ́ tú ìkẹrin, Bàbá wo òkè lẹ́ẹ̀kan, wọ́n ní kó yọ nàìlọ́ọ̀nù tí wọ́n fi we ìdérí tánkì kúrò. Omi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn. Púláńbà náà ní, "Bàbá, níbo lẹ ti kọ́ṣẹ́ púláńbà?" Bàbá ní, "Nínú mílíìkì. Ohun tí kò bá rí èémí fà sínú, kò ní nǹkan tó máa fúnni."

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ihò èémí ni olórí iṣẹ́ Bàbá. Omi ni.

Omi kì í bẹ ẹnikẹ́ni kó tó wọ inú tánkì. Bí tánkì kò bá kún, tí òru sì tutù, afẹ́fẹ́ tó wà nínú rẹ̀ á sẹ ìrì sára irin, ìrì náà á ṣàn wálẹ̀. Bí òjò bá rọ̀ tí wọn kò bá dé ẹnu ọkọ̀ tó ń gbé epo dáadáa, omi ti wọlé nìyẹn. Omi wúwo ju epo lọ, ìsàlẹ̀ ló ń lọ. Nítorí náà ni wọ́n ṣe fi ẹnu kékeré kan sábẹ́ apá, níbi tó relẹ̀ jù. Láràárọ̀, Bàbá á mú ìgò gíláàsì, wọ́n á tẹ ẹnu náà, wọ́n á gba díẹ̀ sínú ìgò, wọ́n á sì gbé e síbi ìmọ́lẹ̀. Bí omi bá wà níbẹ̀, ìlà á là kedere láàárín ìgò: epo lókè, omi nísàlẹ̀. Wọ́n á dà á nù, wọ́n á tún gbà, títí ìlà náà á fi pòórá. Wọn kì í sì gbà á lójú ẹsẹ̀ tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ da epo sí tánkì. Wọ́n á ní kó fara balẹ̀ ná.

Mo bi wọ́n léèrè nígbà kan pé kí ni ṣíbí omi méjì lè fi ọkọ̀ ńlá ṣe. Wọ́n ní òtútù òkè lọ́hùn-ún le ju ti inú fìríìjì lọ. Omi tó bá dé ọ̀hún á di yìnyín, á dí ojú asẹ́, ẹ́ńjìnì á sì máa pebi nígbà tí epo kún inú apá. "Omi ni nílẹ̀ níbí," wọ́n sọ fún mi. "Tó bá dókè, òkúta ni."

Ìyẹn ló fà á tí ìwà wọn fi rí bó ṣe rí. Bí àwọn obìnrin ilé bá jà tí wọ́n sì wá rojọ́, Bàbá á fún oníkálùkù ní àpótí, wọ́n á ní kí ẹnikẹ́ni má sọ̀rọ̀. Wọ́n á máa ṣe iṣẹ́ wọn lọ. Ìyá Ríṣíkátù, tí kò lè dákẹ́ tó ìṣẹ́jú márùn-ún, á ní, "Bàbá, ṣé ẹ fẹ́ gbọ́ ẹjọ́ àbí ẹ ò fẹ́ gbọ́?" Bàbá á ní, "Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dà á sílẹ̀ ni. Ohun tó wúwo ń bọ̀ wá sísàlẹ̀. Ẹ fún un láyè."

Mo ti dé ibi tí ìwé pélébé yẹn fò.

Òjò ti rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Ọkọ̀ kan ń lọ sí Kánò láàárọ̀, ogójì èèyàn ló fẹ́ wọ̀ ọ́. Wọ́n ti da epo tuntun sínú apá rẹ̀ ní alẹ́ àná. Ọ̀gá tuntun kan ṣẹ̀ṣẹ̀ ti òkè òkun dé, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ìwé ẹ̀rí rẹ̀ pọ̀ ju irùngbọ̀n rẹ̀ lọ. N kò ní dárúkọ rẹ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ ṣì wà láyé, wọn kò sì ṣẹ̀ mí. Láàárọ̀ ọjọ́ náà ó gba ìgò lọ́wọ́ Bàbá, ó ní òun fẹ́ fi bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní ilẹ̀ òyìnbó hàn án. Ó tẹ ẹnu kékeré náà, ó gba ìgò kún, ó gbé e sókè. Ó mọ́ kedere. Kò sí ìlà kankan níbẹ̀.

"Ẹ wò ó, Mísítà Òdúfúwà. Kò sí ìlà. Ẹ fọwọ́ síwèé."

Bàbá gba ìgò náà, wọ́n di ojú kan.

"Ìgò tí kò ní ìlà, sà, ó lè jẹ́ epo látòkè délẹ̀. Ó sì lè jẹ́ omi látòkè délẹ̀."

"Ojú mi ríran dáadáa."

"Ojú nìkan kọ́ ni, sà." Bàbá ti ìka bọ inú ìgò, wọ́n fi ìka méjì ra á, wọ́n gbé e símú. "Kò yọ̀. Kò rùn. Ẹ̀yin náà ẹ ti ìka bọ̀ ọ́."

Ọ̀gá kò yọ ọwọ́ lápò. Àwọn èrò ti ń gun àtẹ̀gùn ọkọ̀. Ó ní, "Mo ní kí ẹ fọwọ́ síwèé."

"Ọwọ́ mi tutù, sà. Omi ọkọ̀ yín ló wà lára rẹ̀. Kò lè kọ̀wé."

Nígbà náà ni Bàbá ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni kò ṣe rí níbẹ̀. Wọ́n padà sábẹ́ apá, wọ́n ṣí ẹnu kékeré náà sílẹ̀, wọn kò sì dí i. Wọ́n dúró tì í. Ó ń dà sílẹ̀, ó ń dà sílẹ̀, ọ̀gá ń pariwo, títí tí awakọ̀ òyìnbó fi sọ̀kalẹ̀ wá wo ohun tó ń ṣàn lábẹ́ ọkọ̀ rẹ̀. Awakọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fọwọ́ kàn án, ó gbóòórùn rẹ̀. Ó bọ́ fìlà. Ó gun ọkọ̀ padà lọ, ó sì kó gbogbo èrò sọ̀kalẹ̀. Ohun tí ìwé ọ̀gá sọ lẹ́yìn náà ni pé ẹ́ńjìnì ọkọ̀ náà nílò àyẹ̀wò díẹ̀. Kò sí omi kankan nínú ìwé rẹ̀.

Bàbá mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ló máa rí. Nítorí náà, wọ́n dé ìgò àárọ̀ yẹn, bó ṣe kún, wọ́n fi ìwé ìròyìn wé e láti gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn àgbà ọ̀gá lọ́jọ́ kejì. Wọn kò kọjá ẹnu géètì. Ẹnì kan ti fóònù síbẹ̀ pé òṣìṣẹ́ kan ń gbé kẹrosíìnì jáde. Olórí ẹ̀ṣọ́ gba ìgò, ó da ìda pupa sí ẹnu rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà ṣí i, ó lẹ ìwé mọ́ ọn: "Kẹrosíìnì, ìgò kan, tí a gbà lọ́wọ́ S. Òdúfúwà." Ó fọwọ́ sí i, ó kọ déètì.

Nígbà tí ìgbìmọ̀ jókòó, awakọ̀ òyìnbó yẹn ti padà sí ìlú rẹ̀. Ìgò náà wà lórí tábìlì níwájú ọkùnrin márùn-ún tó jẹ́ pé epo ni wọ́n fi ń jẹun. Bàbá ní, "Ẹ ṣí i. N kò bẹ̀ yín ju bẹ́ẹ̀ lọ." Alága wo àwọn yòókù, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Mísítà Òdúfúwà, a mọ òórùn kẹrosíìnì. Kò sí ìdí tí a fi máa jẹ́ kí ọ́fíìsì máa rùn." Wọ́n lé Bàbá lọ́jọ́ náà, pé Bàbá jalè. Bàbá kì í bú èèyàn, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti sọ ìtàn yìí dé ìdí, wọ́n máa ń ní, "Ọkùnrin márùn-ún, imú márùn-ún. Kò sí ọ̀kan tó ṣiṣẹ́."

Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni Bọ̀dá Dípọ̀ nígbà náà. N kò ní purọ́ mọ́ ọn: ó jìyà. Àwọn ọmọ ilé ìwé rẹ̀ máa ń di imú bó bá ń kọjá, wọ́n á ní, "Ẹ má ṣáná o, ọmọ olè epo ń bọ̀." Ó jà, ó jà, aṣọ rẹ̀ ya. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ kò jà mọ́. Ó rọrùn fún un láti gbà pé òótọ́ ni. Nígbà tó pé ọmọ ọdún mọ́kànlélógún, ó lọ búra ní kóòtù, ó ju orúkọ Òdúfúwà nù, ó mú orúkọ bàbá ìyá rẹ̀. Bàbá ka ìwé ìròyìn tó gbé e jáde, wọ́n ká a dáadáa, wọ́n ní, "Orúkọ tuntun náà dára. Kó ṣáà máa dáhùn sí i."

Bàbá wá di onísítóòfù ní Ṣógúnlé. Wọ́n ń tún sítóòfù ṣe níwájú ilé, wọ́n ń pààrọ̀ òwú, wọ́n ń la ihò tó ti dí. Ọ̀pọ̀ ẹni tó wá sí ìsìnkú wọn kò mọ orúkọ mìíràn fún wọn ju Bàbá Onísítóòfù lọ. Lásìkò tí kẹrosíìnì ayédèrú ń jó àwọn èèyàn nílé ìdáná, alàgbà kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa wà lára àwọn tó ń tà á. Ó ń bu pẹtiróòlù lù ú kó lè pọ̀. Bàbá da díẹ̀ sẹ́yìn ọwọ́, ó gbẹ lójú ẹsẹ̀ bíi pẹtiróòlù, wọ́n sì mọ̀. Wọn kò lọ sọ́dọ̀ ọlọ́pàá. Wọ́n gbé àpótí wọn lọ síwájú ṣọ́ọ̀bù ọkùnrin náà, wọ́n jókòó síbẹ̀ láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, fún ọjọ́ mẹ́rin, wọ́n ń sọ fún gbogbo obìnrin tó bá gbé kẹ́ẹ̀gì dé pé, "Ìyá, ẹ da díẹ̀ sẹ́yìn ọwọ́ yín kí ẹ tó lọ." Alàgbà náà jáde sí wọn:

"Bàbá, ẹ tún ti dé! Ẹ̀yin tí wọ́n lé níbi iṣẹ́ nítorí kẹrosíìnì, ẹ̀yin lẹ máa kọ́ mi?"

Àwọn oníbàárà rẹ́rìn-ín. Mo wà níbẹ̀, mo gbé oúnjẹ lọ fún Bàbá ni. Ojú tì mí, inú sì bí mi débi pé mo fẹ́ da oúnjẹ náà lé ọkùnrin yẹn lórí. Bàbá kò tilẹ̀ dìde. Wọ́n na ife òfìfo sí i, wọ́n ní, "Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí n dákẹ́, ẹ da tiyín sínú èyí."

Kò dà á. Ó sì kó kẹrosíìnì rẹ̀ kúrò lórí igbá kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí. Àmọ́ ọ̀rọ̀ tó sọ kò kúrò nílẹ̀.

Ọdún kẹwàá lẹ́yìn tí wọ́n lé Bàbá ni obìnrin kan tó ń tẹ̀wé ní ọ́fíìsì wọn àtijọ́ wá kí wa. Wọ́n ń kó ọ́fíìsì náà lọ sí ilé tuntun, wọ́n ń da àwọn ẹrù kọ́bọ́ọ̀dù sóde, ó sì rí ìgò kan tí orúkọ Bàbá wà lára rẹ̀. Ó fi gèlè rẹ̀ wé e gbé wá. Ìda pupa wà lẹ́nu rẹ̀ síbẹ̀, kò sán. Ìwé olórí ẹ̀ṣọ́ wà lára rẹ̀, pẹ̀lú déètì. Ẹnikẹ́ni kò ṣí i rí.

Mo ti wà nílé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ nígbà náà, mo sì ní ẹni tó fẹ́ fẹ́ mi. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn náà, ìyá ọmọkùnrin náà rán obìnrin kan sí wa. Obìnrin náà kúnlẹ̀ kí Bàbá dáadáa kó tó jíṣẹ́: "Wọ́n ní kí ẹ má bínú. Wọ́n ní àwọn ò fẹ́ ẹ̀jẹ̀ olè nínú ilé àwọn."

Bó ti jáde ni mo gbé ìgò náà ka iwájú Bàbá.

"Ẹ jẹ́ kí n ṣí i, sà. Ẹ jẹ́ kí n gbé e lọ bá wọn."

"Rárá."

"Omi ni! Ẹ̀yin náà mọ̀ pé omi ni!"

"Tí ìwọ bá ṣí i, wọ́n á ní ìwọ lo bu omi sí i. Tí èmi bá ṣí i, wọ́n á ní èmi ni. Ẹni tó bá ṣiyèméjì ni kó wá ṣí i. Nídìí iṣẹ́ wa, ẹni tó da epo sí tánkì kọ́ ló ń yẹ̀ ẹ́ wò." Wọ́n gba ìgò lọ́wọ́ mi. "O gbà mí gbọ́, Fọlá. Ojú rẹ ò wúlò fún èyí."

Bàbá ránṣẹ́ padà pé kí àwọn ará ibẹ̀ wá ṣí ìgò fúnra wọn. Wọn kò wá. Mo fi oṣù kan gbáko kí Bàbá láì wo ojú wọn. Títí di òní, n kò tíì mọ̀ bóyá mo ti dárí gbólóhùn "ojú rẹ ò wúlò" yẹn jì wọ́n. Nígbà tí ọkọ mi, ọkùnrin Abẹ́òkúta yẹn, dé, ó rí ìgò lórí pẹpẹ, kò béèrè nǹkan kan. Bàbá ní, "Èyí tí kò ní kí a ṣí ìgò kó tó fẹ́ ọ, fẹ́ ẹ." Mo fẹ́ ẹ, n kò sì kábàámọ̀ rẹ̀ títí ikú fi mú un lọ.

Ẹnì kan ṣoṣo ni ojú rẹ̀ wúlò lójú Bàbá. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni wọ́n gbé ìgò náà fún Bọ̀dá Dípọ̀, mo sì wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ̀ẹ̀kíní, lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ má bà mí lọ́jọ́ jẹ́." Ẹ̀ẹ̀kejì, nígbà tó ṣílé ní Àjàó Estate, ó ní òun ní àlejò. Ẹ̀ẹ̀kẹta kò pẹ́ rárá. Bàbá ti wà lórí bẹ́ẹ̀dì, èmi ni mò ń wẹ̀ wọ́n, tí mò ń bọ́ wọn. Wọ́n nawọ́ sí pẹpẹ, mo gbé ìgò wá, wọ́n sì tì í síwájú ọmọ wọn láì sọ̀rọ̀. Bọ̀dá Dípọ̀ wo aago. Ó ní, "Bàbá, mo ti dárí jì yín tipẹ́tipẹ́." Bàbá wò ó títí, wọ́n ní, "O ṣeun. Kí lo dárí rẹ̀ jì mí?"

Ó jáde lọ. Bàbá kò gbé oṣù náà tán.

Ọjọ́ kẹjọ lẹ́yìn ìsìnkú, ẹbí péjọ sí pálọ̀ Ṣógúnlé ní ọ̀sán láti pín ẹrù Bàbá. Kò pọ̀: aṣọ díẹ̀, Bíbélì, àpótí irinṣẹ́. Bọ̀dá Dípọ̀ jókòó sórí àga Bàbá, ó ń nawọ́ sí èyí tí wọ́n máa gbé fún lágbájá àti èyí tí wọ́n máa dà nù. Nígbà tó kan pẹpẹ, ó ní, "Ìgò kẹrosíìnì yẹn, ẹ gbé e síta kó tó jó ilé mọ́ wa lórí."

Mo gbé e. N kò gbé e síta. Mo gbé e lé orí àpótí tó wà níwájú rẹ̀.

"Ẹ ṣí i, Bọ̀dá Dípọ̀."

"Fọlákẹ́, má bẹ̀rẹ̀."

"Mo ti bẹ̀rẹ̀."

"Nítorí pé a jọ gbé yàrá kan náà, o rò pé o lè..."

"Ẹ̀yin ni ẹ kọ ọ́ síwèé pé wọ́n fi ọwọ́ ara wọn ṣiṣẹ́. Ẹ ti ọwọ́ tiyín náà bọ̀ ọ́."

Ìyàwó rẹ̀ ló gbà mí. Ó ní, "Bàbá Káyọ̀dé, ẹ ṣáà ṣí i kí ilé sinmi."

Ó ka ìwé tó wà lára rẹ̀, ó tún un kà. Ó fi kọ́kọ́rọ́ mọ́tò rẹ̀ ha ìda náà títí ó fi sán. Bó ṣe ń yọ ìdérí ni ó gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tó sì sé èémí, bí ẹni tó mọ òórùn tó ń bọ̀. Ó dúró bẹ́ẹ̀. Nígbà tí kò lè sé e mọ́, ó mí. Ó yí ojú padà díẹ̀díẹ̀, ó gbé imú súnmọ́ ẹnu ìgò. Ó ti ìka bọ̀ ọ́. Ó fi ìka méjì ra á.

"Kò yọ̀," ó wí. Lẹ́yìn náà ó ní, "Kò rùn."

Kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀ lòun ń sọ.

"Bóyá kẹrosíìnì rẹ̀ ti fẹ́ lọ," ó ní. "Ó ti pẹ́."

"Lábẹ́ ìda? Kí ló wá kún inú ìgò?"

Mo wọ ilé ìdáná, mo bu kẹrosíìnì tó kù nínú sítóòfù Bàbá, mo da omi díẹ̀ kúrò nínú ìgò, mo sì rọra da kẹrosíìnì náà lé e. Ohun gbogbo rú pọ̀. Ẹnì kan fẹ́ sọ̀rọ̀, mo ní kó dákẹ́, kó fún un láyè. Gbogbo wa jókòó. Díẹ̀díẹ̀, ìlà là láàárín ìgò, ó tẹ́jú bí ẹni fi rúlà fà á: tiwa lókè, ti Bàbá nísàlẹ̀.

Bọ̀dá Dípọ̀ dìde. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò le mọ́, ọmọ ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin ni. Ó gbé ìgò náà lọ síbi fèrèsé, ó gbé e sókè síbi ìmọ́lẹ̀, ó sì di ojú kan. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ.

Láì yíjú padà, ó béèrè pé, "Kí ló dé tí Bàbá ò fi ṣí i láti ọjọ́ yìí?"

Mo ti ní èsì ọ̀rọ̀ burúkú tó pọ̀ nípamọ́ fún ọkùnrin yìí, láti ọjọ́ tó ti ju orúkọ nù. Mo wá a, n kò rí i. Ọ̀kan tó kù ni mo fún un.

"Ojú yín ni wọ́n ń dúró dè."

Ó ṣì di ojú kan, ó ń wo ìsàlẹ̀.